Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Ìtàn Àwọn Ọ̀dọ́ Wo Inú Ẹbí Tó Ń Gbóná

Nínú ilé tí òbí àti ọmọ kò ti gbọ́ra wọn yé mọ́, ìbéèrè ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ ní "Kí ló ṣe ọ́?", ọmọ á ní "Kò sí nǹkan kan." Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́, láti ọmọ ọdún 12 sí 18, máa ń rí ọ̀nà gbà níbi tí ìbéèrè ti kọsẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó jókòó níwájú wa là ń bi léèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀dá inú ìtàn ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn kàn gbé ìwé lé ọmọ lọ́wọ́, kó wá máa retí pé inú rẹ̀ á rọ̀, kì í sábà ṣiṣẹ́. Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà kà á. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, òbí, alágbàtọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá ọ̀dọ́ mélòó kan jókòó ti ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òun la kọ èyí fún.

Ohun tí ìwé ọ̀dọ́ ní tí àwọn yòókù kò ní

Àgbàlagbà tó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ á máa ṣàlàyé bó ṣe ń sọ ọ́ lọ: "Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé àìrówó ló ń mú màmá mi pariwo." Ó ti bá òǹkàwé ronú tán. Nínú ìwé ọ̀dọ́, ẹni tó ń sọ ìtàn ṣì wà nínú iná náà. Ọmọ ọdún 15 ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló ń sọ lónìí, kò sì tíì mọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Asọ̀tàn ojúmìító ló máa ń pọ̀ jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: "mo" ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe arínúróde tó mọ inú gbogbo èèyàn. Ohun tí ọmọ náà sọ wà lọ́tọ̀, ohun tí ojú ìwé jẹ́ ká rí wà lọ́tọ̀. Inú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Òótọ́ ni pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún kì í rí gbogbo ibi. Òǹkàwé ló máa rí ìyókù bá a.

Ẹ wo ìwé The Outsiders. S. E. Hinton, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15, ó sì jáde ní 1967 nígbà tó pé ọmọ ọdún 18. Ọmọkùnrin mẹ́ta tí bàbá àti ìyá wọn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ló ń dá gbé. Darry, ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá, di òbí láìròtẹ́lẹ̀. Ponyboy, àbíkẹ́yìn, ló ń sọ ìtàn, ó sì dá a lójú pé Darry kò fẹ́ràn òun. Láti orí àkọ́kọ́ ni ẹ ó ti rí i pé ohun tí Darry ń tìtorí rẹ̀ bínú ni pé àbúrò rẹ̀ dá nìkan rin láti ilé sinimá wálé, níbi tí wọ́n ti lè ṣe é léṣe. Ìbínú ni Ponyboy gbọ́. Ẹ̀rù ni òǹkàwé rí. Ìgbà tí Darry sunkún níwájú rẹ̀ nílé ìwòsàn ló tó yé ọmọ náà. Ọ̀dọ́ tó bá ti rí ìfẹ́ Darry kí Ponyboy tó rí i ti ní ojú kan tó lè gbé dé ilé tirẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó gbé e lọ.

Yíyan ìwé

Ẹni tó máa darí ìkàwé gbọ́dọ̀ ti ka ìwé náà tán kó tó fi lọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé, kì í ṣe àkótán orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ ni, débi gbólóhùn tó parí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ọ̀dọ́ wà láàárín ojú ìwé 200 sí 350, ọ̀sẹ̀ kan tó láti kà á.

Bí ẹ bá ń kà á, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá èèyàn ni òbí tó wà nínú rẹ̀, àbí iwin. Bàbá tó kàn ń burú bọ̀ láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn kò ní fún wa ní ohun tí a máa jókòó lé lórí. A ó kórìíra rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Ìwé tó dáa ni èyí tí ẹni tó ń fa ìrora ti ṣe nǹkan kan, ó kéré tán, tó ya òǹkàwé lẹ́nu: ìyá tí kì í yin ọmọ rẹ̀ sójú, tó sì lọ dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn láti gbọ́ orin rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Kì í ṣe pé a ń wá àwáwí fún ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ. Ọmọ tó ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ jù wá lọ pé ẹni tó nà án lánàá lè jẹ́ ẹni tó bò ó láṣọ lóru. Ìwé tó bá fi ọ̀kan pamọ́ nínú méjèèjì ti purọ́ fún un, kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọmọ inú ìtàn fúnra rẹ̀. Ṣé òun náà ń ṣe àṣìṣe? Asọ̀tàn tó jàre ní gbogbo ìgbà ń kọ́ òǹkàwé ní àròyé lásán ni. A fẹ́ ọmọ tó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé kó padà, tó parọ́, tó fi ìbínú tí ì bá bá òbí rẹ̀ bí kan àbúrò rẹ̀.

Ìparí ìtàn ṣe pàtàkì gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń yan ìwé tí kò dáa. Wọ́n máa ń wá ìwé tí gbogbo ẹbí ti dì mọ́ra ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò tíì padà wálé láti ọdún mẹ́rin máa ka irú ìparí bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ilé tirẹ̀ nìkan ló kùnà. Ẹ wá ìparí tí nǹkan kékeré kan ti yí: ìpè kan tí wọ́n gbé, òtítọ́ kan tí wọ́n sọ, tàbí ọmọ tó gbà pé òun kò lè tún àárín ìyá àti bàbá òun ṣe, tó sì gbé ẹrù náà kalẹ̀. Bí ohun tó wúwo bá wà nínú ìwé, bíi lílù, ìfipábánilòpọ̀, ìgbẹ̀mí ara ẹni, tàbí ọtí àmujù, ẹ sọ ọ́ ṣáájú ní gbólóhùn kan pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé, kí ẹni tó bá fẹ́ fo ibẹ̀ lè fò ó.

Ẹ má ṣe mú ìwé tó jọ ọ̀rọ̀ ọmọ kan bí ìbejì fún ọmọ náà. Ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí wọ́n sì mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún, á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fọwọ́ tọ́ka sí. Ní 1990, Rudine Sims Bishop, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ìwé lè jẹ́ dígí tí a ti ń rí ara wa, ó lè jẹ́ fèrèsé tí a ti ń wo ayé ẹlòmíràn, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀kùn gíláàsì tí à ń sún gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kì í rí irú ara wọn nínú ìwé ló ń sọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó bá tiwa mu. Fún ọmọ tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, fèrèsé sàn ju dígí lọ: ìtàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jà lè ṣe ju ìtàn ìkọ̀sílẹ̀ lọ fún un. Ẹ gbé ìwé mẹ́ta kalẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn yàn.

Iye èèyàn àti àkókò

Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ti di mẹ́wàá, mẹ́ta á máa sọ̀rọ̀, ìyókù á di òǹwòran. Ẹ pín ìwé náà sí ọ̀nà márùn-ún, nǹkan bí ojú ìwé 40 sí 70 lọ́sẹ̀, kí ìpínyà má bọ́ sí àárín orí. Wákàtí kan ni ìjókòó kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún kíka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìṣẹ́jú 35 fún ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 15 fún kíkọ nǹkan. Ẹ má yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò rí àyè kàwé nílé tún lè tibẹ̀ wọlé, ojú kò sì ní tì í.

Òbí àti ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ á máa ṣọ́ ojú òbí kó tó lanu. Bó bá jẹ́ pé òbí àti ọmọ nìkan ni wọ́n fẹ́ jọ kà á nílé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ẹ̀dà méjì ṣe kókó, torí àmì tí èèyàn fi sínú ìwé dà bí ìwé àṣírí. Ẹnikẹ́ni kì í fi òótọ́ fàlà síbi tó mọ̀ pé ẹlòmíràn máa wò.

Àmì mẹ́ta

Pẹ́ńsù nìkan ni èlò. Ní kíkà àkọ́kọ́, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá ìtumọ̀ kankan, kí wọ́n kàn máa fi àmì sí nǹkan mẹ́ta.

Kí wọ́n ya róbótó sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Nínú ẹbí tó ń gbóná, ìbéèrè pọ̀, ìdáhùn kò tó nǹkan. Òmíràn fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè, òmíràn fi iṣẹ́ ilé dáhùn.

Kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun èlò tó bá ń yọjú léraléra. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í fi àga, bàtà tàbí àwo ṣòfò. Nínú Purple Hibiscus, tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2003, tí kì í sì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló ń kà á, Kambili ọmọ ọdún 15 ń sọ bí màmá rẹ̀ ṣe máa ń nu àwọn ère kéékèèké kan tó wà lórí pẹpẹ nínú pálọ̀. Ó gbọ́ ìró láti yàrá àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí màmá rẹ̀ tó ń nu ère. Kò so méjèèjì pọ̀ fún wa, pé lẹ́yìn tí bàbá bá lu màmá ni màmá máa ń nu ère. Ẹni tó bá fàlà sábẹ́ ère náà ní gbogbo ibi tó ti hàn ló máa so ó pọ̀ fúnra rẹ̀, á sì mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ojú ìwé tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn ère ọ̀hún ti fọ́.

Ìkẹta ni àmì ìbéèrè, kí wọ́n fi í síbi tí asọ̀tàn bá ti sọ pé "Kò kàn mí", "Kò dùn mí", "Mo ti gbàgbé." Ibẹ̀ ló ń dùn ún jù.

Bí àmì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

A kọ ìpínrọ̀ yìí fún àlàyé. Ọmọkùnrin ọdún 16 ló ń sọ̀rọ̀:

"Màmá ní bàbá ń bọ̀ lálẹ́. Kò kàn mí. Màmá kó àwo mẹ́ta jáde, wọ́n wò ó, wọ́n lọ mú ìkẹrin, wọ́n tún dá a padà. Àbúrò mi bèèrè pé orí àga wo ni bàbá máa jókòó sí. Màmá ní kó lọ fọwọ́ rẹ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá. Tẹ́lẹ̀, mẹ́sàn-án ni. Ó wọlé, ó ní, 'O mà ti ga o. Kíláàsì wo lo wà báyìí?' Mo ní, 'Èyí tó yẹ kí n wà, sà.' Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò wo ẹnì kankan nínú wa."

Àmì ìbéèrè lọ sórí "Kò kàn mí." Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn kì í ka aago débi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Kì í sì í mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni ìgbésẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé alaalẹ́ ló ń dúró gbọ́ ọ nígbà kan. Róbótó lọ sórí ìbéèrè àbúrò. Ọmọ yẹn ló bèèrè ohun tí gbogbo ilé ń rò, pé ṣé àyè bàbá ṣì wà nínú ilé yìí, ó sì gba iṣẹ́ ọwọ́ fífọ̀ dípò ìdáhùn. Ìlà lọ sábẹ́ àwo ìkẹrin, torí ohun tí ìyá kò lè fi ẹnu sọ ni wọ́n fi àwo sọ, tí wọ́n sì tún gbà padà.

Ẹ tún wo "wọ́n" àti "ó". Ọmọ yìí ń fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún màmá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan bàbá, "bàtà rẹ̀" ni, "ó wọlé" ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu sí bàbá lójúkojú, ó fi "sà" kún un. Ẹnu ń bọ̀wọ̀, inú ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rí èyí kíákíá ju àwa àgbà lọ, torí pé àwọn náà mọ ìgbà tí àwọn ń fi "ẹ" sọ̀rọ̀ láìfi inú sọ ọ́. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n fúnra wọn rí i. Bí ẹ bá tètè là á yé wọn, ẹ ti gba ohun tó dára jù nínú ìjókòó ọjọ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá dípò mẹ́sàn-án sì ń kọ́? Ẹ bi wọ́n. Ẹnì kan á ní ó ti rẹ bàbá. Ẹnì kan á ní ó ti dàgbà, kò lè fo àtẹ̀gùn mọ́. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rù ń bà á. Ìtàn kò sọ, ẹ má sì yan ọ̀kan fún wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọmọ tó ní ọ̀rọ̀ bàbá kò kan òun ló gbé ẹ̀rí wá pé bàbá náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, láì mọ̀ pé ẹ̀rí lòun ń gbé.

Àwòrán ẹbí

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n ya àwòrán ẹbí inú ìwé náà sórí ìwé pẹlẹbẹ kan. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú róbótó, ìlà láàárín wọn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹbí ní irú àwòrán kan báyìí tí wọ́n ń pè ní genogram. Ìwé tí Monica McGoldrick àti Randy Gerson kọ ní 1985 wà lára ohun tó sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri. A lè yá àmì wọn lò: ìlà méjì fún àwọn tó sún mọ́ra, ìlà mẹ́ta fún àwọn tó sún mọ́ra kọjá bó ṣe yẹ, ìlà wọ́gọwọ̀gọ fún ìjà, ìlà tótòtó fún àwọn tó jìnnà síra. Ẹ tún un yà ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra. Ibi tí ìlà ti yí padà ni ìtàn náà wà ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò fura sí.

Ẹ wá igun mẹ́ta nínú àwòrán náà. Murray Bowen, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló kọ́ni pé bí àárín ẹni méjì bá ti le jù, wọ́n máa ń fa ẹnì kẹta wọ̀ ọ́ kí ara lè tù wọ́n díẹ̀. Nínú ìwé ọ̀dọ́, ọmọ ni ẹnì kẹta yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. "Sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀", bàbá sì wà ní yàrá kejì. Ọmọ di oníṣẹ́, ó di adájọ́, ó di ẹni tí ìyá ń sunkún sí léjìká. Ẹ ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n rán ọmọ náà níṣẹ́ láàárín àgbà méjì nínú orí kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yẹn máa ń ya wọ́n lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ọ̀hún ló ń se oúnjẹ, tó ń sanwó iná, tó ń mú àbúrò lọ síléèwé, ẹ kọ "òbí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ bèèrè ẹni tó ń tọ́jú òun náà.

Irú òbí kan tún wà tó ṣòroó fi sínú àwòrán: èyí tó wà nílé àmọ́ tí kò sí níbẹ̀, nítorí ọtí, oògùn olóró tàbí àìsàn ọpọlọ, àti èyí tí kò sí nílé mọ́ ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé ṣì ń ti ẹsẹ̀ rìn yípo àga rẹ̀. Pauline Boss, onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹbí ará Amẹ́ríkà, tó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1999, pè é ní àdánù tí kò ní ojú kan pàtó: ẹni náà kò kú, wọn kò lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kò sì wà, wọn kò lè bá a gbé. Ọ̀dọ́ tó ń hùwà àfojúdi nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ọ̀fọ̀ tí kò rí ibi sọ̀ sí ló ń ṣe é. Róbótó onítótòtó ni kí ẹ fi yí orúkọ irú òbí bẹ́ẹ̀ ká.

Kíkọ ìran kan láti ojú ẹlòmíràn

Iṣẹ́ tó ń so èso jù nìyí, ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kí ẹ gbé e kalẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìran kan tí ìjà tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà nínú rẹ̀, kó tún un kọ ní ọ̀rọ̀ 200 sí 300 láti ojú ẹni tí asọ̀tàn ń bá jà. Òfin rẹ̀ le díẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nínú ìwé kò gbọdọ̀ yí, ohun tí wọ́n ṣe kò gbọdọ̀ yí. Ohun tó wà nínú ọkàn nìkan ni a lè fi kún un. Wọn kò sì gbọdọ̀ mú kí ẹni náà tọrọ àforíjì.

Láìsí òfin tó kẹ́yìn yìí, ohun tí ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn ni bàbá tó ń sunkún, tó ń ní "Ọmọ mi, dárí jì mí." Ohun tí ọmọ ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí bàbá ń rò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá gbẹ, tí kò mọ ohun tó máa kọ, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí kan ṣáájú ìran náà. Níbo ni bàbá inú ìpínrọ̀ tí a kọ lókè yẹn wà ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá? Ṣé ó ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn láti ìgbà náà? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀? Láti ibẹ̀, ìkọ̀wé á ṣàn.

Ẹni tí ẹ̀dá inú ìwé rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó ń lu ọmọ tàbí tó ń fọwọ́ kàn án ní ìfọwọ́kàn tí kò tọ́, ẹ má fi dandan lé e pé kó wọ inú ẹni náà. Kó kọ ọ́ láti ojú àbúrò, aládùúgbò, tàbí olùkọ́ tó rí nǹkan tó sì dákẹ́.

Ìbéèrè tó ń ṣílẹ̀kùn, èyí tó ń tì í

"Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?" máa ń mú kí wọ́n dájọ́ kíákíá: "Torí ó burú." Ẹ bèèrè ìgbà, ibi àti nǹkan. Ìgbà wo ni àwọn méjì yìí kẹ́yìn jọ rẹ́rìn-ín? Ta ló mọ̀, tí kò sọ? Kí ni ìyá yìí ń bẹ̀rù? Ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ yìí ń dúró dè láti ojú ìwé kìíní? Bí ẹ bá ti bèèrè, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Àgbà tí kò bá lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa ń dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un títí ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu yín láé: "Ṣé bó ṣe rí nílé yín náà nìyẹn?" Ó ń sọ ìwé di ìdẹkùn. Bí ọmọ bá fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ tilé rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì sọ ọ́ di àkòrí ọjọ́ náà. Ẹ rọra mú ọ̀rọ̀ padà sínú ìtàn, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìjókòó. Bákan náà, bí ẹnì kan bá ń gbèjà ẹ̀dá ìtàn kan kíkankíkan, tí ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ló ń gbèjà. Ẹ má tú u síta. Ẹ jẹ́ kó gbèjà rẹ̀ tán.

Ìwàásù ni àṣìṣe kejì. "Ṣé ẹ ti rí i, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún òbí yín." Lọ́jọ́ tí gbólóhùn yìí bá wọlé ni gbogbo àmì pẹ́ńsù á dópin, torí wọ́n á ti mọ èsì tí ẹ ń fẹ́, òun náà ni wọ́n á sì máa fún yín. Ìkẹta ni ìkánjú ìdáríjì. Ọmọ kan lè parí ìwé náà kó ṣì gbà pé ìyá inú ìtàn kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń dárí jì. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í ojú ìwé tó gbé èrò rẹ̀ ró, kì í ṣe ìgbà tó máa yí i padà.

Bí ọ̀rọ̀ ewu bá jáde

Láti 1916 tí Samuel Crothers, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti lo ọ̀rọ̀ bibliotherapy, ìyẹn fífi ìwé woni sàn, nínú ìwé ìròyìn The Atlantic Monthly ni àwọn èèyàn ti ń pe ìwé kíkà ní ìwòsàn. Ẹgbẹ́ òǹkàwé kì í ṣe ilé ìwòsàn, kí ẹni tó ń darí rẹ̀ má sì sọ ara rẹ̀ di dókítà. Kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ẹni tí òfin ibi tí ẹ wà gbé ọ̀rọ̀ ààbò ọmọdé lé lọ́wọ́, ẹ sì ti ní nọ́ńbà rẹ̀ nítòsí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni kí ẹ sọ fún gbogbo wọn pé ohun tí a sọ níbí kò ní jáde, àfi bí ẹnì kan bá wà nínú ewu.

Bí ọmọ bá wá sọ pé wọ́n ń ṣe òun léṣe, tàbí pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bi í ní ìbéèrè tó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, bíi "Ṣé bàbá rẹ ni?" Ẹ sọ fún un pé ó dáa bó ṣe sọ ọ́, pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti ẹni tí ẹ fẹ́ pè. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú déètì àti aago, kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ láìfi dọ̀la. Bí ewu náà bá wà nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Fún ìyókù ẹgbẹ́, ohun tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni àwòrán mẹ́ta àti ìran tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ. Kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ lọ sílé. Ẹ má ya wọ́n ní fọ́tò, ẹ má lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Èyí tí ẹni tó ni ín kò bá fẹ́ mú lọ, ẹ fà á ya níṣojú rẹ̀.